Etí Tó Ń Ṣomi Lọ́jọ́ Ìwotí

Ìbíyẹmí sá pamọ́ sẹ́yìn ọ̀pá omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, ó ń ki òwú bọ etí ọ̀tún. Òwú náà wọlé ní funfun, ó sì jáde ní àwọ̀ ọsàn tó ti rà. Kò sí ìdí kankan tó fi yẹ kó gbé e sí imú, ṣùgbọ́n ó gbé e sí imú bó ṣe ń ṣe láti àná, imú rẹ̀ sì sọ ohun kan náà fún un: omi ògì tí wọ́n gbàgbé sínú ìkòkò. Ó ju òwú náà sínú ọ̀rá tó mú dání, ó so ẹnu ọ̀rá náà pinpin, ó tún ki òwú mìíràn bọ̀ ọ́.

Láàárọ̀ yẹn, gbogbo ohun tó máa ń torí rẹ̀ bá àwọn ẹlòmíràn wí ni òun fúnra rẹ̀ ṣe. Ó kọ́kọ́ da àdín àgbọn tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí etí náà kí yíyún rẹ̀ lè rọlẹ̀. Nígbà tí kò rọlẹ̀, ó da sípíríìtì lé àdín lórí. Nígbà tí sípíríìtì ta á bí ata, ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú irun gbẹ, ó fẹ́ ooru sí gbogbo rẹ̀ títí omi fi ń jáde lójú rẹ̀. Ohun tó wà nínú etí náà báyìí, ọbẹ̀ ni. Kò ṣeé pè ní nǹkan mìíràn.

Ó ti gbé ẹ̀rọ etí rẹ̀ lé itan. Kò tóbi ju ẹ̀pà méjì lọ. Rọ́bà tó ń wọ inú ihò etí ti pọ́n rúsúrúsú, ohun kan tí kì í ṣe rọ́bà sì lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Bí kì í bá ṣe kọ́kọ́rọ́ àwọn aláyẹ̀wò etí, èyí tó ń pa ẹ̀rọ lẹ́nu mọ́, tó so mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ni, ẹ̀rọ náà ìbá ti máa súfèé látìgbà tó ti yọ ọ́, àwọn ará ilé ìbá sì ti máa sáré bọ̀ wá wo ẹni tó yọ ẹ̀rọ. Ní Abẹ́-Òrùlé, ẹ̀rọ kì í kúrò létí ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ lójú oorun tàbí nílé ìwẹ̀. Ọdún tí òrùlé ìlú ya ni wọ́n ti ṣòfin náà, nítorí pé lálẹ́ ọjọ́ yẹn ìkìlọ̀ dún títí lórí tábìlì àwọn èèyàn, àwọn tó ni ẹ̀rọ sì ń sùn. Láti ìgbà náà ni kò ti sí etí tó rí atẹ́gùn mọ́ nínú ìlú.

Irin àtẹ̀gùn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lábẹ́ ìdí rẹ̀. Àwọn àlejò ti ń gòkè bọ̀. Ó fi etí aṣọ nu rọ́bà náà, ó tì í padà sínú etí. Ó wọlé pẹ̀lú ìró kan bí ìgbà tí ẹsẹ̀ bá bọ́ sínú ẹrẹ̀, ariwo àwọn ẹ̀rọ ńláńlá tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ìlú sì padà dé, ariwo tó ti ba etí gbogbo wọn jẹ́ kí wọ́n tó dàgbà. Kíá ni yíyún náà tún bẹ̀rẹ̀. Ó wà níbi tí ìka kò lè dé, ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀, bí èèrà tó ń wá ọ̀nà ilé.

Ohun tó ń bà á lẹ́rù kò ṣòro láti lóye. Ẹni tí etí rẹ̀ bá ń ṣomi, ẹ̀rọ rẹ̀ á máa kú. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá ń kú kò ní gbọ́ ìkìlọ̀, ẹni tí kò bá sì lè gbọ́ ìkìlọ̀, Ẹnubodè Ìsàlẹ̀ ló máa gbà jáde kí wọ́n tó pa iná ìlú lọ́jọ́ náà. Kò sẹ́ni tó ti ìta padà wá sọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "tutù", ni Ìbíyẹmí, tó jẹ́ aláyẹ̀wò etí, fi máa ń rán wọn lọ, á sì padà sílé lọ jẹun. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìwotí, tí ìdílé méjì bá fẹ́ fi ọmọ fún ara wọn, àṣà ni pé kí aláyẹ̀wò kọ́kọ́ fi etí tirẹ̀ han gbogbo èèyàn kó tó wo ti ẹlòmíràn.

Etí kan ni àṣà béèrè. Ó gbàdúrà pé kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì wọlé.

Pálọ̀ Ìyá Mojí, ìyá ìyàwó, ti kún. Omi ń kán láti òkè àjà sínú abọ́ tí wọ́n tò káàkiri, nítorí pé èémí gbogbo ìlú ló ń gòkè lọ lẹ̀ mọ́ òrùlé tó sì tún ń padà bọ̀ sórí wọn. Ara gbogbo èèyàn ń dán. Àga ń lẹ̀ mọ́ ìdí, aṣọ ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, òórùn ara àná àti ti òní sì ti di ọ̀kan nínú yàrá náà. Láàárín yàrá ni ẹrù ìyàwó wà, èyí tó gbẹ jù lọ tí ìdílé ọkọ rí rà: apẹ̀rẹ̀ èédú, iyọ̀ tí wọ́n fi ọ̀rá méjì wé, àti ìkòkò ìrẹsì tí ẹnikẹ́ni kò ní sè. Inú ìrẹsì náà ni tọkọtaya á máa ti ẹ̀rọ àwọn ọmọ wọn bọ̀ títí ìjọba yóò fi wá wọ̀ ọ́ sí wọn létí.

Gbogbo wọn fi ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Wọn kò sinmi o. Ní Abẹ́-Òrùlé, ẹni tó bá gbé ọwọ́ sí etí láwùjọ kò yàtọ̀ sí ẹni tó tú ṣòkòtò. Ìbíyẹmí rí obìnrin kan tó ń fi eyín jẹ ètè, ó rí ọkùnrin kan tó ń lọ́ ọrùn díẹ̀díẹ̀ sí èjìká bí ẹni tó fẹ́ sùn, ó sì mọ ohun tó ń ṣe àwọn méjèèjì. Ó rí i lára. Bí wọ́n ṣe jókòó yẹn, wọ́n wọ aṣọ àtàtà, wọ́n kun àtíkè, etí wọn sì ń jẹrà.

Alàgbà Dúrótoyè, bàbá ọkọ, wà lórí àga ńlá. Òun gan-an wà lára àwọn tó kọ òfin Ẹnubodè. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ wà, obìnrin arúgbó tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Àgbà, tí ojú rẹ̀ kì í fò nǹkan. Ìbíyẹmí kúnlẹ̀ kí wọn. Ìyá Àgbà dá a lóhùn, ó sì wò ó láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń yan ẹja.

Wọ́n ti ta aṣọ funfun mọ́ ògiri. Ìbíyẹmí mú ọ̀pá iná rẹ̀ jáde, irinṣẹ́ tín-ín-rín tó ń gbé àwòrán inú etí lọ sára ògiri, kí gbogbo èèyàn lè jọ rí i ní títóbi ilẹ̀kùn. Ó yọ ẹ̀rọ etí òsì, ó ti ọ̀pá bọ̀ ọ́. Awọ inú rẹ̀ ń ṣí pẹ́pẹ́pẹ́, irun méjì nà gbalaja, kò sí omi. Wọ́n mi orí. Ó yára ti ẹ̀rọ rẹ̀ padà, ó sì pe ọkọ.

Fọlájimí jókòó sórí àpótí, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tí kò ní nǹkan í fi pamọ́. Ohun tó wà létí rẹ̀ dúdú, ó le, ó bo ihò náà dé ìdajì, bí ìdí ìkòkò tó jóná. Gbogbo pálọ̀ pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbin tó gbẹ ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún, wọ́n sì ń bá ìyá àgbà rẹ̀ yọ̀ pé ó tọ́ ọmọ dáadáa.

Ó kan Mojírádé. Ọmọbìnrin náà jókòó jẹ́jẹ́, ó da ìborùn bo èjìká. Nígbà tí Ìbíyẹmí fa ẹ̀rọ ọ̀tún rẹ̀ jáde, ohun kan tẹ̀ lé e, ó ń fà bí ilá, kò sì já títí tí ó fi kan ìka Ìbíyẹmí. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó fẹ́ ju ọwọ́ náà nù, ṣùgbọ́n ojú ń wò ó, nítorí náà ó ti ọ̀pá iná bọ etí ọmọ náà.

Ògiri pọ́n. Ògiri ń dán. Ọyún kóra jọ sí ìsàlẹ̀ ihò náà, ìfófòó kéékèèké sì ń mí lórí rẹ̀, wọ́n ń gòkè, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Láàárín rẹ̀ ni fọ́nrán ìyẹ́ adìẹ kan ti dúró gbọn-in, ó rẹ, ó tẹ̀ kọrọ. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ṣọ́ ló ń dúró ti èèyàn bó bá ń pa adìẹ nílùú yìí, wọn kì í sì í lọ kí wọ́n tó rí i pé ìyẹ́ rẹ̀ jóná tán, nítorí pé èèyàn kì í rí ìyẹ́ kó má ki í bọ etí.

Ìyá Mojí ti wà lórí orúnkún. Ó kàn ń wo ẹnu Ìbíyẹmí.

"Aláyẹ̀wò," Ìyá Àgbà sọ, "ojú mi kò fọ́. Kí ló ń dán níbẹ̀ yẹn?"

Ìbíyẹmí ní kí wọ́n jọ̀wọ́ ní sùúrù, òun kò tíì wò ó tán. Ó tẹ̀ sún mọ́ ọmọ náà bí ẹni pé ó fẹ́ tún ọ̀pá ṣe. Ó bi í léèrè láti apá òsì, níbi tí ẹ̀rọ kejì ṣì wà, pé ìgbà wo ló ti ń lo nǹkan yìí. Mojírádé ní ó ti pẹ́. Ó ní alẹ́ nìkan ni òun máa ń lò ó, pé bí òun kò bá lò ó òun kò lè sùn, á dà bíi pé kí òun gbé orí òun la ògiri. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Ìbíyẹmí mọ oorun tó ń sọ, nítorí pé irú rẹ̀ ni òun náà kò sùn.

Títẹ̀ tó tẹ̀ yẹn ló dá nǹkan sílẹ̀. Ọbẹ̀ tó ti ń sè láti àárọ̀ rí ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ọ̀tún rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wá sí ọrùn. Ó mọ̀ ọ́n lára, ó gbóná, ó lọ́ra. Kò lè gbé ọwọ́ sí i. Ojú òun àti ti ọmọ náà ṣe mẹ́rin, Mojírádé sì ti rí i.

Mojírádé ì bá kígbe. Ì bá nawọ́ sí i kí gbogbo pálọ̀ rí i, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ì bá sì di ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó gbé etí ìborùn rẹ̀, ó fi nu ọrùn Ìbíyẹmí láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó ká ibi tó dọ̀tí náà sínú, ó sì tún ìborùn náà dà bo èjìká. Ọyún ẹlòmíràn wà lára rẹ̀ báyìí. Kò tilẹ̀ yí imú pọ̀.

Ojú ti Ìbíyẹmí débi pé ó gbàgbé pé etí ń yún òun.

"Mojírádé, kí lo nù lọ́rùn aláyẹ̀wò?" Ìyá Àgbà béèrè.

"Omi òrùlé ló kán sí wọn lára, mà."

"Omi òrùlé kì í kán gba inú etí. Ìbíyẹmí, gbé iná yẹn sí ọ̀tún tìrẹ."

Alàgbà Dúrótoyè sún síwájú lórí àga, ó dá sí i. Ó ní etí kan ni àṣà béèrè lọ́wọ́ aláyẹ̀wò, ó sì ti fi hàn. Ó ní ohun tó wà lára ògiri kò fara pamọ́ fún ẹnikẹ́ni, kí aláyẹ̀wò sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí ọmọbìnrin náà, kí oníkálùkù máa lọ sílé rẹ̀, ooru ti pọ̀ jù. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ń fi ìka kan lu orúnkún, kò sì wo ojú ìyá rẹ̀.

Ọ̀nà ti là fún Ìbíyẹmí, ó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Bó bá sọ pé "tutù", kò sẹ́ni tó máa wo etí rẹ̀ mọ́. Á kó irinṣẹ́ rẹ̀, á sáré padà sẹ́yìn ọ̀pá omi. Wọ́n á mú ọmọ yìí lọ sí Ẹnubodè pẹ̀lú ìborùn lọ́rùn, ohun tó jáde lára òun á sì wà nínú ìborùn náà, á bá a jáde lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ó la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n rẹ̀, adùn kan wà lára rẹ̀ bíi ti nǹkan tó ti bàjẹ́, ó sì rí i pé òun ni òun ń kó òun nírìíra, ju òwú, ju ọyún, ju gbogbo ohun tí òun ti rí nínú etí èèyàn lọ.

Ó yọ ọ̀pá iná kúrò létí Mojírádé. Ó yọ ẹ̀rọ ọ̀tún tirẹ̀, ó gbé e sórí àwo irinṣẹ́ rẹ̀, ó ti ọ̀pá náà bọ ọ̀tún rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ìyá Mojí kan bo ẹnu, ó sáré síbi abọ́ tó ń gba omi, ó bì sí i. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bá a wí. Ti Mojírádé ṣì ní àwọ̀ ẹran ara. Eléyìí ti pọ́n kọjá pípọ́n, ó ti wú títí ihò rẹ̀ fi dà bí ẹnu tó fẹ́ pa dé, òwú tó ti já sínú rẹ̀ láàárọ̀ ń léfòó lórí ọyún bí èèpá lórí ẹ̀kọ, àdín sì ta lé gbogbo rẹ̀, ó ń tàn yẹ́ríyẹ́rí.

"Bí ti ọmọ yìí bá tutù," Ìbíyẹmí sọ, "tèmi ti di odò. Ẹ kọ́kọ́ rán mi lọ ná."

Atẹ́gùn ti wọ inú etí náà. Ó tutù níbẹ̀, ó dùn mọ́ ọn, àyè tó gbà á sì ni yíyún náà rí tó fi kọ lù ú lẹ́ẹ̀kan náà. Ìka rẹ̀ kékeré kò bi í léèrè. Ó kàn gòkè, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá iná wọlé, gbogbo pálọ̀ sì rí èékánná kan tó tóbi tó àwo oúnjẹ, tó ń họ, tó ń wa, tó ń gbé nǹkan wá láti ìsàlẹ̀. Ìbíyẹmí kérora. Irú ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀, kì í ṣe ohun tó yẹ kí èèyàn mú jáde níwájú àna ẹlòmíràn.

Nígbà tó lajú, ó rí i pé wọn kò wo ògiri mọ́. Ìka rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Obìnrin tó ń jẹ ètè ti jẹ ẹ́ débi pé ẹ̀jẹ̀ yọ. Èjìká ọkùnrin kan ti dé etí rẹ̀, ó sì ń fi í gbo ibẹ̀, ó pa ojú dé. Ọwọ́ Fọlájimí kúrò lórí orúnkún, ó padà síbẹ̀, ó tún kúrò.

Ìyá Àgbà nìkan ni kò mira. Ó wo Ìbíyẹmí pẹ́. Lẹ́yìn náà ló fi ìka méjì di ẹ̀rọ etí òsì rẹ̀ mú, ó fà á. Kò tètè jáde. Ó fà á lẹ́ẹ̀kejì, ó já pọ́, ohun kan tó yọ̀ tó sì pọ́n tẹ̀ lé e, ó já bọ́ sínú ìkòkò ìrẹsì tí wọ́n rà fún ìyàwó. Ó fa ti ọ̀tún pẹ̀lú. Òórùn dé. Bí ti Ìbíyẹmí bá jẹ́ omi ògì ìjẹta, ti ìyá yìí ti wà ní ìkòkò láti ayé bàbá ẹni. Ẹ̀rọ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn tó ṣì ń gbọ́ràn sì yí ojú sí ilẹ̀kùn. Ìbíyẹmí na ọwọ́, ó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kan wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n dákẹ́.

"Ta ló ní nǹkan tí mo lè ki bọ etí?" Ìyá Àgbà pariwo, nítorí pé kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ mọ́.

Omi ń kán sínú abọ́. Alàgbà Dúrótoyè wo ilẹ̀, ó wo òkè àjà, ó wá ti ọwọ́ bọ inú àpò agbádá rẹ̀ títí dé ìgbọ̀nwọ́, ó mú ọ̀rá kékeré kan jáde. Ó tú u. Ẹyọ ọwọ̀ ìgbálẹ̀ kan ló wà níbẹ̀, tí wọ́n fẹ̀sọ̀ wé òwú mọ́ lórí, òwú náà sì ti di àwọ̀ tábà ní ṣóńṣó. Ó dìde, ó tẹ̀ ba bí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ìyá rẹ̀.

Ìyá Àgbà kò nù ún. Ó tì í bọ̀ ọ́, ó yí i, ètè rẹ̀ sì fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Fọlájimí tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ etí òsì Ìbíyẹmí, ó rọra béèrè pé kí ni aláyẹ̀wò sọ lórí Mojírádé. Ìbíyẹmí ní ó gbẹ. Ó sọ ọ́ sókè kí gbogbo wọn gbọ́, Alàgbà Dúrótoyè sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó gbẹ, òun náà rí i. Ìyá Mojí kò tíì dìde lórí orúnkún, ó ń sunkún, ó sì ń fi ìsàlẹ̀ ọwọ́ gbo etí rẹ̀.

Ìyá Àgbà yọ ọwọ̀ náà. Ohun tó wà lórí rẹ̀ ga, ó rọ̀, ó ń dán, ó ń rọra sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wá sí ìka rẹ̀. Ìbíyẹmí gbé itọ́ mì lẹ́ẹ̀mejì. Ó fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ arúgbó náà, ó sì na ọwọ́ kí òun náà gba ọwọ̀ náà.